Ìṣubú Fintan Looby

Gbì!

Fintan Looby ti balẹ̀.

Kó tó balẹ̀, ó kọ́kọ́ fò sókè ná. Ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ mú adìyẹ lójú òfuurufú, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, kó tó wá fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀ bíi àpò sìmẹ́ǹtì. Ó fọwọ́ méjèèjì di ojú mú, ó ń jẹ̀rora bí ẹran tí ilẹ̀kùn há ní ìrù. Ojú tó dì mú yẹn, ká má parọ́, akoto ló wà lórí rẹ̀, irin ni wọ́n sì fi ṣe ìbòjú akoto náà. Irin ló dì mú. Irin náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan ń dun òun.

Ta ló gbá a?

Ìbéèrè dáadáa ni. Lorcan Duggan, alápatà láti Derrymoyle tó ń ṣọ́ ọ lórí pápá lọ́jọ́ náà, wà nítòsí lóòótọ́, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù nínú eré họ́lìn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàrin igi yẹn àti orí Fintan, màlúù á gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ láìfara kan ẹnikẹ́ni.

Fííììn!

Réfẹ́rì Colman Hession ti fọn fèrè. Ó nawọ́ sí iwájú gólù.

Pẹnáritì.

Níbi tí Fintan dùbúlẹ̀ sí nínú ẹrẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sínú irin. Ohun tó gbèrò gan-an ló ṣẹlẹ̀ yìí. Ó ku ìṣẹ́jú méjì péré kí àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ àgbègbè parí, Derrymoyle sì fi póìntì méjì ṣíwájú Clonbrack, ìyẹn ẹgbẹ́ Fintan. Bọ́ọ̀lù tó bá gba orí ọ̀pá gólù kọjá, póìntì kan ni. Èyí tó bá wọ àwọ̀n, póìntì mẹ́ta. Pẹnáritì kan péré, kó wọ àwọ̀n, ó parí. Clonbrack kò tíì fojú kan ife náà láti ọdún mọ́kànlélógójì. Àwọn tó gbà á gbẹ̀yìn, ìdajì wọn ti wà ní itẹ́ òkú, ìdajì tó kù ń fi irin tí dókítà kì bọ̀ wọ́n ní ìbàdí rìn.

Ta ni yóò sì gbá pẹnáritì náà? Fintan náà ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún wàrà màlúù ṣe káàkiri àwọn oko. Láti bí ọdún mẹ́wàá, òun nìkan ló ń gbá pẹnáritì fún Clonbrack, kò sì tíì sọ ọ̀kan nù rí. Ètò rẹ̀ gún régé. Á ṣubú, wọ́n á fún un, á dìde, á gbá a wọlé, wọ́n á gbé e lé èjìká wọ ilé ọtí.

Nǹkan kan ló gbàgbé. Ó gbàgbé irú ènìyàn tí Colman Hession jẹ́.

Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, Colman ń pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé. Ọjọ́ Àìkú ló ń ṣe réfẹ́rì. Ní oṣù tó ṣáájú, àwọn aláṣẹ eré pe gbogbo réfẹ́rì àgbègbè jọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan fún ọjọ́ méjì gbáko, torí ariwo ti pọ̀ jù pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ń ṣubú bí ewé igi, àwọn réfẹ́rì sì ń gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n fún wọn ní ọbẹ̀ gbígbóná àti búrẹ́dì, wọ́n fi fíìmù hàn wọ́n, wọ́n kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń mọ ẹni tó fara pa yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣeré orí ìtàgé. Colman gba ìwé ẹ̀rí. Ó fi kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀, ó gbé e ga ju fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ náà sì hàn lára rẹ̀. Ní ìdajì àkọ́kọ́ àṣekágbá yìí, ọmọ Clonbrack kan jókòó lé ẹ̀yìn gólì Derrymoyle bí ẹni jókòó lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Colman kò rí i. Ajá kan wọ pápá, ó gbé bọ́ọ̀lù sẹ́nu, ó sáré dé igun kejì. Colman ní kí eré máa lọ. Igi ẹnì kan ba ìka Lorcan Duggan, kákà, ìka náà wá ń wo ẹ̀gbẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ń wo iwájú. Lorcan gbé e lọ bá a. Colman wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní kó lọ fi omi ṣàn án.

Réfẹ́rì tó ní ìwé ẹ̀rí nìyẹn.

Fintan ṣí ojú kan. Ó rí ọwọ́ réfẹ́rì tó ṣì nà sí gólù. Ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀ láti dìde nígbà tí ọwọ́ kan bà lé e láyà, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ padà sínú ẹrẹ̀.

“Dùbúlẹ̀, ọmọ mi,” Colman wí.

“Ara mi ti yá, sà.”

“Orí ni wọ́n gbá ẹ. Ẹni tí wọ́n bá gbá lórí, òfin ní kó jáde lọ rí dókítà. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́ lónìí.”

Ara Fintan tutù ju ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

“Kò dùn mí rárá, sà. Ẹ wò mí dáadáa.”

Colman wò ó dáadáa. Ó yọ ìwé pélébé kan látinú àpò, ó fi ahọ́n lá ẹnu pẹ́ńsù rẹ̀.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí kò bá dùn ẹ́, a jẹ́ pé ò ń díbọ́n ni. Káàdì yẹ́lò ni ìyẹn. O ti gba ọ̀kan tẹ́lẹ̀, méjì sì ti di pupa. Màá wọ́gi lé pẹnáritì, bọ́ọ̀lù á di ti Derrymoyle. Nítorí náà, mo tún bi ẹ́. Ṣé ó dùn ẹ́ ni, àbí kò dùn ẹ́?”

Títí dòní olónìí, Clonbrack ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni Colman fi bi í tàbí ọbẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Fintan wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Níwájú, wọ́n á gbé e jáde, ṣùgbọ́n pẹnáritì á dúró. Lẹ́yìn, wọ́n á lé e jáde, pẹnáritì á sì bá a lọ. Ó tún ara rẹ̀ tò sílẹ̀, ó gbá irin ojú rẹ̀ mú padà.

“Ó dùn mí, sà.”

“Níbo?”

“Ibi gbogbo.”

Kò tíì tún ìṣubú náà ṣe tán tí ìyá rẹ̀ fi dé. Concepta Looby, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó máa ń sọ fún àlùfáà pé orúnkún kò jẹ́ kí òun lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ló fo ọgbà pápá bí ewúrẹ́. Igò omi mímọ́ tó gbé bọ̀ láti ìrìn àjò mímọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó rọra da ìdajì rẹ̀ gba àárín irin wọ ojú ọmọ rẹ̀. Fintan ń wúkọ́. Òjò ń rọ̀ sí i lára, omi mímọ́ ń wọ̀ ọ́ nímú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dun Fintan ní tòótọ́ ni pé ìyá rẹ̀ ń sunkún. Ìyẹn kò sí nínú ètò. Ó fà á mọ́ra, ó sọ ọ́ sí i létí pé, “Mọ́mì, ẹ má sunkún mọ́. Mo ń díbọ́n ni.”

Ìyá rẹ̀ yíjú sí dókítà tó ń sáré bọ̀.

“Dókítà, ẹ tètè máa bọ̀. Ó ti ń sọ kántankàntan. Ó ní òun ń díbọ́n.”

Colman gbọ́. Ó mi orí pẹ̀lú àánú. Wọ́n ti sọ fún un ní òtẹ́ẹ̀lì pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n bá gbá lórí máa ń sọ.

Dókítà tó dé yìí ni Grania Mulqueen. Òun ló ń tọ́jú gbogbo Clonbrack, àti ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tí kò fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Kò sí irú irọ́ tí kò tíì gbọ́ rí. Ó bọ́ akoto lórí Fintan, ó tan iná kékeré kan sí i lójú.

“Kí lorúkọ ẹ?” ó bi í.

Fintan gbójú sókè. Ó rí Colman tó dúró tì wọ́n, tó na etí, tó di pẹ́ńsù mú. Bó bá dáhùn dáadáa, a jẹ́ pé ara rẹ̀ yá. Bí ara rẹ̀ bá sì yá, ó ti kú.

“Mi ò mọ̀.”

“Ọjọ́ wo lòní?”

“Ọjọ́bọ̀.”

“Ta ló ń ṣíwájú nínú eré yìí?”

“Àwa ni.”

Colman kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó burú.

Dókítà pa iná. Ó tẹ̀ ba débi pé irun rẹ̀ bo etí Fintan, ó wá rọra sọ̀rọ̀.

“Fintan, ojú ẹ mọ́ ju tèmi lọ. Bí mo bá sọ ohun tí mo rí, o mọ ohun tí ọkùnrin yẹn máa ṣe. Ṣé kí n sọ ọ́ ni, àbí kí n dè ẹ́ mọ́ pátákó tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn?”

“Ẹ dè mí mọ́ pátákó. Ẹ jọ̀ọ́.”

Inú dókítà dùn láti ràn án lọ́wọ́. Ó fi nǹkan líle kan yí i lọ́rùn, débi pé kò lè wo ibòmíràn mọ́ àyàfi ojú ọ̀run. Ó fi àlùmọ́gàjí la jẹ́sì àṣekágbá rẹ̀ láti ọrùn dé ìdodo, fáàà, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí jẹ́sì ṣe. Ó de ẹsẹ̀. Ó de ìbàdí. Ó de àyà. Ó de ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò rí dè, torí ìyá Fintan ti gbá a mú, ó sì ní òun ò ní fi í sílẹ̀ láéláé.

Ó wá ku ẹni tó máa gbá pẹnáritì, Colman sì ní arọ́pò Fintan nìkan ni òfin gbà láyè.

Kóòṣì Clonbrack wo bẹ́ǹṣì àwọn arọ́pò. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ẹnì kan á yọ láti abẹ́ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, Dara Tarpey, ọmọ àǹtí Fintan, ẹni ogún ọdún tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Dara lorúkọ rẹ̀ o. Ọwọ́ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù ni kò dára. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un wọ ẹgbẹ́, ohun kan ṣoṣo tó ti gbá wọlé ni fèrèsé ọkọ̀ àlùfáà.

Dara sáré dé ẹ̀gbẹ́ pátákó.

“Bọ̀ọ̀dá Fintan, ibo ni kí n gbá a sí?”

Colman ṣì dúró síbẹ̀. Gólì Derrymoyle náà kò sì jìnnà. Ọkùnrin tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀, tó rò pé Ọjọ́bọ̀ ni, báwo ló ṣe máa mọ igun àwọ̀n? Fintan kọ́kọ́ fi ohùn aláìsàn béèrè pé ta nìyí, kí gbogbo wọn lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ó sì gba àárín eyín sọ ọ́ fún ọmọ náà.

“Ìsàlẹ̀. Apá òsì gólì.”

Inú Dara dùn dé ìdí. Ó yíjú sí kóòṣì tó wà létí pápá lọ́hùn-ún, ó sì fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un ké sí i.

“Kóòṣì, ó ní ìsàlẹ̀! Apá òsì gólì!”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí o, ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Gólì Derrymoyle gbọ́. Ó jẹ́ ọmọlúwàbí, ó nawọ́ kí Dara pé ó ṣeun. Ó wá sún ìgbésẹ̀ méjì sí apá òsì ara rẹ̀, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Ọkùnrin mẹ́rin láti Clonbrack ti gbé pátákó lé èjìká. Ẹ̀yìn gólù ni áńbúláǹsì wà, nítorí náà ẹ̀yìn gólù ni wọ́n gbà. Wọn ò yára rárá, torí àwọn náà fẹ́ wo pẹnáritì. Ẹsẹ̀ wọn ń lọ síwájú, ojú wọn ń wo ẹ̀yìn. Fintan nìkan ni kò lè wo nǹkan kan. Ìkùukùu ló ń rí, àti abẹ́ àgbọ̀n ìyá rẹ̀. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ló fi retí irú pẹnáritì yìí. Nígbà tó wá dé, ìró rẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ jẹ́ kó gbọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí ìdíbọ́n kankan nínú ìyẹn. Ìyá rẹ̀ rò pé omi mímọ́ ni.

Dara fi igi hú bọ́ọ̀lù sókè. Ó wo apá òsì, gólì wà níbẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, kò sẹ́nì kankan, ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Fintan kò dárúkọ apá ọ̀tún. Ó di ojú méjèèjì.

Ìyá Fintan kò lè wò ó. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ojú.

Kàà!

Bọ́ọ̀lù gbéra bí ẹyẹ tí wọ́n lé. Ó kọjá lórí gólì, ó kọjá lórí ọ̀pá, ó ń lọ, ó ń lọ, ó rẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wálẹ̀. Póìntì kan péré. Derrymoyle ṣì fi ẹyọ kan ṣíwájú, kò sì sí àkókò mọ́.

Fintan rí i. Nínú gbogbo ojú ọ̀run tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un láti máa wò, nǹkan funfun kékeré kan yọ láti ẹ̀gbẹ́. Ó ń tóbi sí i. Ó ń bọ̀ tààrà sí imú rẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni Fintan ti ń gbá họ́lìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gbéra.

Pà!

Ó hán an.

Ọwọ́ kan ṣoṣo. Kò mira, kò yíjú, kò jáwọ́. Àwọn àgbà tó ti ń wo họ́lìn láti kékeré ní àwọn kò rí ẹni tó hán bọ́ọ̀lù dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí, pàápàá jù lọ ẹni tí wọ́n dè.

Ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ń wo ọkùnrin tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí kò mọ ọjọ́, tó nawọ́ sókè tòun ti bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó gbé e dúró lójú kan. Fintan náà ń wo ọwọ́ yẹn bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó rò ó bóyá kí òun jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà bọ́. Ó ti pẹ́ jù.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé igò sókè kí gbogbo ayé lè rí i.

“Omi yìí ló ṣe é,” ó wí.

Ìgbà náà ni ẹ̀rín bẹ́. Ó bẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Derrymoyle, ó gba ẹ̀yìn gólù, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Clonbrack fúnra wọn, tí inú wọn bàjẹ́ débi pé wọn ò mọ ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé pátákó ń rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ rẹlẹ̀, tí ẹsẹ̀ Fintan sì ga ju orí rẹ̀ lọ.

Colman sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan kan. Ó ṣí ìwé, ó béèrè orúkọ.

Fintan rọra sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Fintan Looby.”

“Ọpẹ́ ni o, ó ti rántí,” Colman wí fún dókítà, inú rẹ̀ sì dùn sí i ní tòótọ́.

Ó wá yọ káàdì yẹ́lò. Ọrùn Fintan kò lè yí, nítorí náà Colman ní kí àwọn mẹ́rin náà sọ pátákó kalẹ̀ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na káàdì náà síwájú imú rẹ̀ gan-an kó lè rí i dáadáa. Ó dá a padà sápò. Ó yọ pupa, ó na òun náà síbẹ̀. Ó dìde, ó na ìka sí ẹnu ọ̀nà.

“Jáde kúrò lórí pápá.”

Ọkùnrin tí wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n de àyà rẹ̀, tí wọ́n ti gbé kọjá ìlà pápá látàárọ̀. Òun ni Colman ní kó jáde.

Colman fọn fèrè ìkẹyìn, eré parí. Àwọn mẹ́rin tó gbé pátákó wo ara wọn. Ọ̀kan béèrè pé ṣé Fintan lè rìn. Èkejì ní ẹni tó lè hán bọ́ọ̀lù báyẹn lè rìn. Wọ́n fi pátákó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n lọ sínú yàrá lọ bọ́ bàtà wọn.

Òjò ń rọ̀ sí Fintan lójú, kò sì rí ọwọ́ nù ún dáadáa. Ó ń gbọ́ bí àwọn Derrymoyle ṣe ń kọrin nídìí ife. Ìyá rẹ̀ ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wọ́n omi sí àwọn tó ní ẹ̀yìn ń dun àwọn lára. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ńlá kan yọ sí ojú ọ̀run tí Fintan ń wò. Lorcan Duggan alápatà ni.

“Ṣé mo gbá ẹ ni?” Lorcan bi í.

“Rárá.”

“Mo rò bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ dájú ni.”

Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Ó pẹ́ kó tó tú u, torí ọwọ́ kan ló ń lò. Fintan jókòó dìde, ó bọ́ nǹkan ọrùn rẹ̀ sọnù, ìgbà náà ló tó rí ìka ọ̀gbẹ́ni náà. Ó ti wú tó sọ́sééjì tí Lorcan ń tà, àwọ̀ rẹ̀ kò sì dáa tó ti sọ́sééjì.

“Ìka ẹ ńkọ́?”

“Réfẹ́rì ní kí n fi omi ṣàn án.”

“Ṣé o ṣàn án?”

“Mo ṣàn án.”

Àwọn méjèèjì jọ wo ìka náà fúngbà díẹ̀.

Fintan ló lọ pe dókítà. Dókítà wo ìka náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní egungun ti kán níbi méjì, kí wọ́n máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n awakọ̀ áńbúláǹsì ní ìwé tí wọ́n kọ fún òun sọ pé ènìyàn kan lórí pátákó, òun ò sì lè padà síléewòsàn pẹ̀lú ènìyàn kan tó ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n á bi òun léèrè. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Bẹ́ẹ̀ ni Lorcan ṣe fi ìka tó kán dùbúlẹ̀ sórí pátákó. Ó wọ̀n tó ìdajì màlúù. Nígbà tí wọ́n sì wá ẹni tó máa gbé apá ẹsẹ̀, Fintan nìkan ló wà nítòsí tí kò ní ibi tó ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e kò rọrùn. Fintan wọ ilé ìtajà kan láti ra mílíìkì, ìyá tó ń tajà kí i pé ó káàárọ̀, ó sì béèrè bóyá ó rántí orúkọ rẹ̀ lónìí. Ó lọ tún ẹ̀rọ ṣe ní oko kan, olóko náà rí i láti ẹnu ọ̀nà, ó ṣubú lulẹ̀ gbọlọgbọ. Ìyàwó olóko ṣubú tẹ̀ lé e. Ajá wọn wo gbogbo rẹ̀, òun náà dùbúlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó yẹ kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju ìwé orin sí i, pé kó hán an.

Ó hán an. Ìyẹn gan-an ló ń bí i nínú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Dókítà Grania kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní òun kò wá wo orí rẹ̀. Òun lòun ń darí ẹgbẹ́ eré ìtàgé Clonbrack, wọ́n ń múra eré kan sílẹ̀ fún ìgbà Àjíǹde, ọkùnrin tó yẹ kó kú ní apá kejì eré náà sì ti kó lọ sí Australia. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí Fintan máa sọ. Wọ́n á yìnbọn fún un, á ṣubú, á kú.

“Mo rò pé iṣẹ́ tó o mọ̀ ni,” dókítà wí.

Láti ọjọ́ àṣekágbá, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan máa fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bùn Fintan. Ó fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó tẹ̀ lé e lọ sí gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn bíi méje jókòó lórí àga oníke níbẹ̀, wọ́n ń mu tíì. Dókítà ní kó dúró sáàárín. Kò sí ìbọn, nítorí náà ó fi ìwé ńlá kan gbá tábìlì.

Gbàà!

Fintan lọ. Ó fò sókè, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó fẹ̀yìn balẹ̀ gbì débi pé ṣíbí mì nínú ife tíì. Ó di ojú mú. Ó rántí pé ìbọn ni, ó di àyà mú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó jẹ́ kó gbọ̀n, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó kérora, ó dákẹ́, ó tún rí èémí díẹ̀ lò, ó kérora lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá kú.

Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

“Dìde, Fintan. Kò lè ṣe é.”

“Kí ló dé?”

“Ta ni kò ní mọ̀ pé irọ́ ni?”

Fintan dìde, ó ń gbọn eruku ara rẹ̀. Ó dùn ún wọra, ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó sọ fún dókítà pé réfẹ́rì kò mọ̀, réfẹ́rì gba òun gbọ́ níwájú ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn.

“Mo mọ̀,” dókítà wí. Ó nawọ́ sí igun gbọ̀ngàn, níbi tí Colman Hession jókòó sí jẹ́jẹ́, tòun ti ìwé eré lórí itan. “Afọ́jú wà nínú eré náà. Òun la fún. A ò tiẹ̀ ní kó dán an wò.”